Iṣẹ́ Tí Sẹ̀gilọlá Kò Jẹ́

Ọ̀rọ̀ àga ló kọ́kọ́ pa Sẹ̀gilọlá àti Fọlọ́runṣọ́ pọ̀.

Ọdún 1990 ni, ní yunifásítì tó wà ní Ọ̀jọ́. Ilé ẹ̀kọ́ náà kò tíì gbó nígbà náà, akẹ́kọ̀ọ́ sì pọ̀ ju àga lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fìdí lélẹ̀ ní kíláàsì òwúrọ̀ gbọ́dọ̀ tètè jí. Sẹ̀gilọlá tètè jí lọ́jọ́ náà. Ó rí àga kan níwájú, ó jókòó, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀. Àfi bí ọmọkùnrin tó jẹ́ olórí kíláàsì ṣe wá dúró sí i lórí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ka wo lẹ ti wá?"

"Òfin àti Àwùjọ."

"Ẹ dìde, ẹ lọ sẹ́yìn. Àwọn ọmọ Òfin gangan ló ni iwájú. Àlejò lẹ̀yin jẹ́ níbí."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Omi lé ròrò sí ojú Sẹ̀gilọlá, kì í sì í ṣe tìtorí àga nìkan. Òfin gangan lòun náà fẹ́ kọ́. Òfin ló kọ sínú fọ́ọ̀mù, Òfin ló gbàdúrà lé lórí. Nígbà tí orúkọ jáde, wọ́n fún un ní ẹ̀kọ́ tuntun tí ẹnikẹ́ni ládùúgbò rẹ̀ kò gbọ́ rí: òfin díẹ̀, ìmọ̀ nípa ìgbé ayé àwọn èèyàn díẹ̀, ìtàn díẹ̀, ọ̀rọ̀ ìjọba díẹ̀, wọ́n po gbogbo rẹ̀ pọ̀ bí ẹni ro àsáró. Ẹni tó bá kà á jáde kò ní dé wíìgì lórí, lọ́yà kan kò sì ní pè é ní ọ̀rẹ́ òun amòfin ní kóòtù. Bí àwọn èèyàn bá bi bàbá rẹ̀, Àlàájì Àdìsá, léèrè ní Àjàngbàdì pé kí ni ọmọ rẹ̀ ń kà, "Lọ́yà ni" ni Àlàájì máa ń sọ, nítorí àlàyé Òfin àti Àwùjọ gùn jù.

Ó ti ń kó ìwé rẹ̀ jọ nígbà tí ọmọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan, dúdú, tó jókòó sí àga kejì, dìde.

"Ẹ jókòó síbi tèmi. Ọmọ Òfin gangan ni mí, ẹni tó bá sì wù mí ni mo lè fi àga mi ta lọ́rẹ."

Orí ìdúró ni ọmọkùnrin náà wà títí kíláàsì fi parí, ó fara ti ògiri, ó ń kọ̀wé lórí àtẹ́lẹwọ́. Nígbà tí wọ́n jáde, Sẹ̀gilọlá dúró dè é kó lè dúpẹ́.

"Kò tọ́pẹ́," ni ọmọkùnrin náà wí. "Fọlọ́runṣọ́ lorúkọ mi. Ẹ má bínú o, kí ni wọ́n tiẹ̀ ń kọ́ yín lẹ́ka yín yẹn?"

Ẹ̀gún ṣì wà nínú Sẹ̀gilọlá, ẹ̀gún náà ló sì fi dáhùn. "Wọ́n ń kọ́ ẹ̀yin ní ohun tí òfin wí. Wọ́n ń kọ́ àwa ní ìdí tí àwọn èèyàn kì í fi tẹ̀lé e."

Fọlọ́runṣọ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. "Á jẹ́ pé tiyín ló le jù," ló wí.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o" láàárín wọn, tí "o" sì di "olólùfẹ́ mi". Òkòkòmáíkò ni Fọlọ́runṣọ́ ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, obìnrin Ìjẹ̀bú kan tó ń ta rédíò àti fáànù ní Alábà, tó dá nìkan tọ́ ọmọ náà láti kékeré. Bí kíláàsì bá ti parí, àwọn méjèèjì á jọ rìn dé Ìyànà Ìbà, wọ́n á ra bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà, wọ́n á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì máa jẹ ẹ́, kò sí ẹni tí yóò kọ́kọ́ fẹ́ wọkọ̀ nínú wọn.

Ní ọdún kejì, olùkọ́ wọn ní kí àwọn ọmọ Òfin àti Àwùjọ lọ wá ibi tí àwọn èèyàn ti ń parí ìjà láìdé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá tàbí kóòtù, kí wọ́n jókòó síbẹ̀, kí wọ́n wò ó dáadáa. Sẹ̀gilọlá kò wá a jìnnà. Pálọ̀ bàbá rẹ̀ ni. Ọmọ onílẹ̀ ni Àlàájì Àdìsá, ó kọ́lé, ó ní ayálégbé, kò sì sí ìjà tó ń ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò tí kì í dé iwájú rẹ̀. Sẹ̀gilọlá mú Fọlọ́runṣọ́ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan.

Ẹjọ́ ọjọ́ náà, àgbò ni. Ọkùnrin kan ra àgbò ní Alábà Rago, ó so ó sẹ́yìnkùlé, àgbò já okùn, ó jẹ èlùbọ́ tí obìnrin inú yàrá kejì sá sóòrùn. Obìnrin náà la àgbò ní ìgbálẹ̀, ọkùnrin náà sì sọ̀rọ̀ kan tí kò ṣeé gbọ́ létí ọmọdé. Àlàájì kò bèèrè ẹni tó jẹ̀bi. Ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Ta ló gbé ọmọ obìnrin yìí lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ tí gìrì mú un?"

Ọkùnrin alágbò náà wolẹ̀. "Èmi ni, sà."

Láti ibẹ̀ ni ohùn ti rọlẹ̀. Nígbà tí oòrùn fi máa rọ̀, obìnrin náà ti ń bèèrè bóyá àgbò náà kò fara pa.

Ní ìta, Fọlọ́runṣọ́ mi orí. "Ní kóòtù, ká ní bàbá yín bèèrè ọ̀rọ̀ ọsibítù yẹn, lọ́yà á dìde, á ní kò kan ẹjọ́."

"Ìyẹn náà ni wọ́n ṣe ń sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́," ni Sẹ̀gilọlá wí. "Àwọn méjèèjì á jọ jí lọ́la nínú ilé kan náà. Kóòtù á dá ẹjọ́ fún wọn. Ta ni á bá wọn gbé?"

Fọlọ́runṣọ́ wò ó lọ títí. "Ẹ̀kọ́ rẹ yìí, o mọ̀ pé wọn ò fi tà ẹ́ lọ́pọ̀. Ìwọ gan-an ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Mo fẹ́ràn rẹ, Sẹ̀gilọlá. Mo fẹ́ fi ẹ́ ṣaya bí mo bá parí."

Ayọ̀ kún inú Sẹ̀gilọlá lọ́jọ́ náà débi pé kò rántí ọ̀nà tó gbà wọlé.

Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ ló kù. Nígbà tí Fọlọ́runṣọ́ mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní Alábà, ìyá náà gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó ra míńrà fún un, ó fi fáànù tuntun fẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà ló wá bèèrè.

"Fọlọ́runṣọ́ ní òfin lẹ jọ ń kà."

"Òfin àti Àwùjọ ni tèmi, mà."

"Ṣé wọ́n á pè yín sí iṣẹ́ lọ́yà?"

"Rárá, mà. A lè ṣiṣẹ́ ìjọba, a lè ṣe ìwádìí, a lè bá àwọn èèyàn tó ń jà parí ìjà."

"Lọ́yà tí kì í lọ kóòtù," ni ìyá náà wí jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń wo ọjà tí kò dá a lójú. Ó nawọ́ sí ṣọ́ọ̀bù kejì. "Ọmọ ọ̀rẹ́ mi tó ni ibí yìí, Abọ́lá, Òfin lòun náà ń kà, kíláàsì kan náà lòun àti Fọlọ́runṣọ́ wà. Mo máa ń sọ pé, lọ́yà méjì lábẹ́ òrùlé kan, ta ló máa yan irú ilé bẹ́ẹ̀ jẹ?"

Sẹ̀gilọlá rẹ́rìn-ín músẹ́. Míńrà náà sì korò lẹ́nu rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni owú ti wọ inú rẹ̀. Abọ́lá tí kò kà sí tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tó ń rí níbi gbogbo. Ọmọ pupa, ó ga, ó ń lo awò, ohùn rẹ̀ sì máa ń kún gbọ̀ngán. Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ Òfin bá wọ dúdú àti funfun wọn, Fọlọ́runṣọ́ àti Abọ́lá á jọ máa bọ̀ láti ìta gbọ̀ngán, bí ẹni pé ìyá kan náà ló rán aṣọ fún wọn. Sẹ̀gilọlá á dúró nínú ańkárá rẹ̀ lábẹ́ igi, á máa wò wọ́n bọ̀. Aṣọ náà ló kọ́kọ́ ń jowú, kó tó kan obìnrin. Kò tilẹ̀ mọ èyí tó dùn ún jù: pé Abọ́lá lè gba ọkọ òun ni, àbí pé Abọ́lá ti gba ìgbé ayé tó yẹ kó jẹ́ ti òun.

"Kí ló ń pa Abọ́lá lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ yẹn?" ló bèèrè lọ́jọ́ kan.

"Nígbà wo?"

"Nígbà tẹ́ ẹ̀ ń bọ̀."

"Ẹjọ́ kan tí a kà ni. Ọkùnrin kan pe adìyẹ lẹ́jọ́."

"O ò sọ ọ́ fún mi."

"Mo ń sọ ọ́ fún ẹ báyìí, olólùfẹ́ mi. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Orí ló ń fọ́ mi."

Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Orí ló ń fọ́ ọ, inú ló ń run ún, oòrùn ló mú un. Kò fẹ́ kí wọ́n pè é ní òjòwú, nítorí òjòwú, bí àwọn àgbà ṣe máa ń wí, kì í lẹ́ran láyà. Ó ń bo iná mọ́ra, iná náà sì ń jó o wọlé.

Nígbà tó di ọdún kẹta, ọ̀rọ̀ kóòtù ìdánrawò dé. Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin méjì ni wọ́n fẹ́ mú lọ sí Ìbàdàn, kí wọ́n lọ bá àwọn ilé ẹ̀kọ́ mìíràn rojọ́ bí ìgbà tí lọ́yà bá wà níwájú adájọ́. Àwọn lọ́yà ńlá máa ń wá wòran níbẹ̀, ẹni tó bá sì ṣe dáadáa, wọ́n lè mú un sí ilé iṣẹ́ wọn. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé bí wọ́n bá dán wọn wò, Fọlọ́runṣọ́ àti Abọ́lá ni wọn yóò mú. Ìyá Fọlọ́runṣọ́ ti sọ ọ́ ká Alábà. Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ ni ìdánwò náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Tọ́sìdeè, Sẹ̀gilọlá wà ní Ìyànà Ìbà nígbà tó gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Abọ́lá ni, pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, ó ń wá ọkọ̀ Máìlì Tú.

"Sẹ̀gilọlá, Ọlọ́run ló ní kí n rí ẹ. Jọ̀ọ́, bá mi sọ fún Fọlọ́runṣọ́ pé wọ́n ti fa ìdánwò ọ̀la síwájú. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni, kì í ṣe ọ̀sán mọ́. Ó ti lọ kí wọ́n tó kéde. Ǹ bá yà sí Òkòkò, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi bímọ ní Sùúrùlérè, mo fẹ́ tètè débẹ̀."

"Màá sọ fún un. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni mò ń lọ."

"O ṣé gan-an. Má gbàgbé o."

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ó ní in lọ́kàn láti jẹ́ iṣẹ́ náà. Bó ṣe ń lọ sí Òkòkòmáíkò ló ń tún un sọ nínú ara rẹ̀, aago mẹ́sàn-án, aago mẹ́sàn-án.

Ó bá Fọlọ́runṣọ́ níbi tó ti ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ojú ọmọkùnrin náà ń dán, ẹnu rẹ̀ kò sì dúró.

"Abọ́lá ní bí a bá dé Ìbàdàn, ilé àbúrò bàbá òun ní Bódìjà la máa dé sí. Ó ní ìyàwó wọn mọ oúnjẹ sè. Ó ní àárín ọ̀sẹ̀ la máa lọ ká lè rí ìlú wò dáadáa. Ó ti ro gbogbo ẹ̀ tán, ọmọ yẹn lọ́gbọ́n."

Sẹ̀gilọlá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó rí Bódìjà tí kò dé rí. Ó rí àwọn méjèèjì nínú dúdú àti funfun wọn lórí tábìlì oúnjẹ kan. Ó rí ìyàwó ilé tó ń bèèrè pé ìgbà wo ni wọ́n máa ṣègbéyàwó.

"Ọ̀nà ilé ìwé lo gbà bọ̀," ni Fọlọ́runṣọ́ wí, ó ń yí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì. "Ṣé kò sí ẹni tó rán ẹ sí mi?"

Sẹ̀gilọlá wò ó lójú. "Kò sí ẹnì kankan."

Nígbà tí Fọlọ́runṣọ́ dé gbọ̀ngán lọ́sàn-án Jímọ̀, ẹni tó ń gbálẹ̀ ló bá níbẹ̀. Wọ́n ti mú Abọ́lá àti ọmọkùnrin mìíràn. Ó bẹ olùkọ́, olùkọ́ ní òun ti fi orúkọ ránṣẹ́. Ọ̀dọ̀ Sẹ̀gilọlá ló gbà lọ tààrà, ó gbé orí lé e léjìká. Sẹ̀gilọlá ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn, ó ń sọ pé ó máa dáa. Inú rẹ̀ dùn pé Fọlọ́runṣọ́ kò ní bá Abọ́lá lọ sí Ìbàdàn, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ pé inú òun dùn, kò sì sí ẹni tó lè sọ èyíkéyìí nínú méjèèjì fún.

Ọ̀rọ̀ náà ò sì pẹ́ kó tó tú. Nígbà tí Abọ́lá ti Ìbàdàn dé, ó bá Fọlọ́runṣọ́ àti Sẹ̀gilọlá níwájú ilé ìkàwé. Fọlọ́runṣọ́ kí i tutù, nítorí ó ti ń rò ó pé ọmọ kíláàsì òun mọ̀, kò sì wá sọ fún òun.

"Fọlọ́runṣọ́, o ń fajú ro sí mi, mi ò sì mọ ohun tí mo ṣe," ni Abọ́lá wí. "Mo ránṣẹ́ sí ẹ. Mo rán Sẹ̀gilọlá." Ó yíjú sí i. "Àbí o ò bá a nílé ni?"

Irọ́ ti wà nílẹ̀ fún un. Kó sáà ní, "N kò bá a," ọ̀rọ̀ á parí. Ṣùgbọ́n Fọlọ́runṣọ́ wà níbẹ̀, ó mọ̀ pé ó bá òun nílé lọ́jọ́ náà. Sẹ̀gilọlá fi ojú wolẹ̀.

Fọlọ́runṣọ́ wò ó. Kò pariwo. "Mo bi ẹ́," ló wí. "Mo fi ẹnu mi bi ẹ́."

Ó yí padà, ó lọ.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Alábà ti gbọ́, Àjàngbàdì ti gbọ́. Ìyá Fọlọ́runṣọ́ ránṣẹ́ pé kí wọ́n má ṣe rí ọmọ Àlàájì ní ojúlé òun mọ́. Sẹ̀gilọlá lọ bá bàbá rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní kí ó bá òun parí rẹ̀.

Àlàájì Àdìsá ń fọwọ́ ka ìlẹ̀kẹ̀ tẹsùbáà rẹ̀. Kò gbójú sókè. "Mi ò lè parí èyí. Bàbá ẹni tó jẹ̀bi ni mí. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní mò ń gbèjà ọmọ. O ti jókòó sí pálọ̀ yìí kọ̀wé nípa bí àwọn èèyàn ṣe ń parí ìjà. Lọ parí tìrẹ."

Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ wọlé dé, wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ pa, Fọlọ́runṣọ́ sì lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú. Sẹ̀gilọlá wà nílé, ó ń kọ iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀. Ó ti jókòó ti ìjà ayálégbé, ìjà orogún, ìjà àwọn tó jọ ń fa omi kànga. Nínú gbogbo wọn, ohun kan náà ló ń rí: ẹni tó ṣẹ̀ kì í dá nìkan lọ bẹ̀bẹ̀. Ó máa ń wá ẹnì kan tó máa bá a bẹ̀bẹ̀, tí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ kò lè kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bó ṣe ń kọ ọ́, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì í, nítorí ó mọ ẹni tó yẹ kí òun kọ́kọ́ bẹ̀.

Ó wọ ọkọ̀ lọ bá Abọ́lá nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Sùúrùlérè.

Abọ́lá ló ṣílẹ̀kùn, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Sẹ̀gilọlá kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Ẹgbẹ́ ni wọ́n, síbẹ̀ ó kúnlẹ̀.

"Mo ṣẹ̀ ẹ́. O rán mi níṣẹ́, mi ò jẹ́ ẹ. Mo jẹ́ kó dà bí ẹni pé ìwọ lo ṣe é."

"Kí ló dé tó o fi ṣe é?"

"Owú ni." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà máa ti ẹnu rẹ̀ jáde. "Mo rò pé o fẹ́ gbà á."

Abọ́lá tún ọ̀já ọmọ so kó tó dáhùn. "Dìde. Mo fẹ́ gbà á lóòótọ́."

Sẹ̀gilọlá gbójú sókè.

"Mo fẹ́ràn ẹ̀ láti ọdún àkọ́kọ́. Kó tó lọ sí Ìjẹ̀bú, mo sọ fún un. Ó ní òun ò lè ṣe é. Ó ní inú ń bí òun sí ẹ débi pé òun ò lè sùn, ṣùgbọ́n ìwọ náà lòun ń rò." Ó yọ awò, ó nù ún, ó tún un wọ̀. "Torí náà má ṣe rò pé orí ẹ dàrú. Ohun tó o rí, ó wà níbẹ̀. Ohun tó o ṣe sí i ni kò dáa."

"Ṣé wàá bá mi bẹ̀ ẹ́?"

"Rárá. Mo ti dárí jì ẹ́, inú mi mọ́. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tí ebi ẹ̀ ń pa mí, mi ò lè máa fi ọwọ́ ara mi bu ú fún ẹlòmíì. Lọ bá ìyá ẹ̀."

Nígbà tí Sẹ̀gilọlá dé Alábà, ìyá Fọlọ́runṣọ́ rí i, ó sì ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ó ń bá oníbàárà Ígbò kan ná owó rédíò. Sẹ̀gilọlá kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí fáànù. Ọ̀kan lọ, òmíràn dé. Àwọn èèyàn ń fẹsẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ń wò ó. Ìyá Abọ́lá tilẹ̀ yọjú láti ṣọ́ọ̀bù kejì, ó padà wọlé. Ìgbà tí ọjà dá díẹ̀ ni ìyá náà tó sọ̀rọ̀.

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo wá tọrọ àforíjì, mà. Mo ba ọjọ́ iwájú ọmọ yín jẹ́ nítorí owú."

"Ìwọ náà mọ̀ pé owú ni."

"Mo mọ̀, mà."

Ìyá náà fa àga, ó jókòó. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Owú ni mo fi kúrò nílé ọkọ mi. Nígbà tó mú ìyàwó kejì wá, mo da ọbẹ̀ tí obìnrin yẹn sè sílẹ̀ níwájú àwọn àlejò ọkọ mi. Mo pọn Fọlọ́runṣọ́, mo wá sí Èkó. Wọn ò bẹ̀ mí, èmi náà ò bẹ ẹnikẹ́ni. Mo ń sọ lọ́kàn ara mi pé ọdún tó ń bọ̀ ni màá padà lọ tún un ṣe. Ọkọ mi kú. Mo lọ síbi ìsìnkú bí àlejò."

Ó fi etí ìró nu ojú.

"Ohun tó o ṣe kò dùn mọ́ mi, kò sì ní dùn mọ́ mi láé. Ṣùgbọ́n o fi ẹsẹ̀ ara ẹ rìn wá síwájú àwọn oníbàárà mi, o kúnlẹ̀. Èmi ò lè ṣe ìyẹn nígbà tèmi. Mi ò ní bá ẹ bẹ̀ ẹ́. Mo máa ní kó wá gbọ́ ẹ lẹ́nu. Ìyókù, ọwọ́ ẹ ló wà."

Nígbà tí wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ padà, ìyá mú ọmọ rẹ̀ wá sí pálọ̀ Àlàájì Àdìsá. Fọlọ́runṣọ́ ti rù. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Àlàájì, ó jókòó sí ibi tó jìnnà. Àlàájì ní kì í ṣe òun ló ni ìjókòó ọjọ́ náà, kí ìyá Fọlọ́runṣọ́ máa bá wọn darí rẹ̀ lọ. Ìyá ní kí ọmọ òun sọ tẹnu rẹ̀.

"Ti Ìbàdàn kọ́ ló ń dùn mí," ni Fọlọ́runṣọ́ wí. "Ìbàdàn ti lọ. Ohun tó ń dùn mí ni pé mo bi í, ó wò mí lójú, ó ní kò sí ẹnì kankan. Bó bá tún wò mí báyẹn lọ́la, báwo ni màá ṣe mọ̀?"

Sẹ̀gilọlá wà lórí eékún. "Mi ò lè ṣèlérí pé owú ò ní jẹ mí mọ́. Irọ́ nìyẹn máa jẹ́. Ohun tí mo lè ṣèlérí ni pé bó bá dé, ẹnu mi lo ti máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kó tó dé ọwọ́ mi."

Fọlọ́runṣọ́ wò ó lójú. Lẹ́yìn náà ló ní, "Abọ́lá sọ fún mi pé òun fẹ́ràn mi."

"Mo mọ̀. Ó sọ fún èmi náà."

"Báwo ló ṣe rí lára rẹ?"

Sẹ̀gilọlá wo bàbá rẹ̀, ó wo ìyá. Ojú tì í, ṣùgbọ́n kò sá. "Owú jẹ mí. Ó ń jẹ mí báyìí bí mo ṣe kúnlẹ̀ síbí yìí. Bó o ṣe dárúkọ ẹ̀ yẹn, ó dà bí ẹni pé wọ́n fi ata sí mi lójú."

Àlàájì húkọ́, ó sì yíjú sógiri. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní igun ẹnu Fọlọ́runṣọ́, ó gbìyànjú kó mú un mọ́ra, kò rí i mú.

"Gbogbo ọdún yìí," ló wí, "orí ló máa ń fọ́ ẹ."

"Kò fọ́ mi rí."

"Mo mọ̀, olólùfẹ́ mi. Mò ń dúró kó o sọ ọ́ ni." Ó dìde, ó na ọwọ́ sí i, ó fà á dìde lórí eékún.

Kò tán níbẹ̀ o. Ó pẹ́ kí ọkàn Fọlọ́runṣọ́ tó balẹ̀ pátápátá. Àwọn ìgbà mìíràn wà tí Sẹ̀gilọlá bá sọ̀rọ̀, á tún un bèèrè. Sẹ̀gilọlá á tún un dáhùn, kì í bínú. Fọlọ́runṣọ́ parí, ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn amòfin, wọ́n pè é sí iṣẹ́. Sẹ̀gilọlá rí iṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba kan tó ń gbọ́ ẹjọ́ tọkọtaya. Ìyá ní kí ọmọ òun má fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, Àlàájì ní kí ọmọ òun má fi ìrun sílẹ̀. Àwọn méjèèjì gbà fún àwọn òbí wọn, wọ́n sì ṣe ìgbéyàwó ní rìjísìrì ìjọba ní ọdún 1998, àwọn ará ilé díẹ̀ ló sì tẹ̀ lé wọn padà sí Àjàngbàdì láti jẹun.

Abọ́lá wá. Ó ti di lọ́yà ní Ìkẹjà, aṣọ rẹ̀ bá ara rẹ̀ mu, ó gbé ẹ̀bùn wá, ó sì bá gbogbo èèyàn ṣẹ̀fẹ̀. Kò pẹ́ tó fi ní òun ń lọ. Sẹ̀gilọlá dìde nínú aṣọ ìyàwó rẹ̀, ó sin ín dé etí títì.

Bí wọ́n ṣe ń dúró de ọkọ̀, Abọ́lá bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, síbi tí Fọlọ́runṣọ́ dúró sí pẹ̀lú àwọn àlejò. Sẹ̀gilọlá rí ìwò náà. Kò sí ẹni tó mọ ìwò yẹn jù ú lọ. Ó mú ọwọ́ Abọ́lá dání. Abọ́lá kò fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ títí ọkọ̀ fi dé.